Ó Tán, Mo Ti Yà Á

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya ara yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ẹ tilẹ̀ ń ya ẹ̀bà kí ẹ tó bù ú, ẹ kò lè mọ ohun tí fọ́tò jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà kan. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wẹ̀, á pa ara, á da àtíkè sí ọrùn, á yọ aṣọ tó ti wà nínú àpótí láti Kérésì, á wá máa rọra tẹlẹ̀ lọ sí títì Fọlágbadé kí eruku má bàa ba bàtà rẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni sítúdíò Theophilus Adébùsọ́lá wà, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù. Abọ́ ike ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ayé mà ń lọ o!

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Theophilus, àfi àlùfáà ìjọ rẹ̀, àti Rachel ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ tí inú bá ń bí i. Bàbá Nàró ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí o bá ti jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wàá gbọ́ nìyẹn. "Nàró! Gbé àgbọ̀n sókè! Ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún! La ìka, jẹ́ kí òrùka hàn, àbí o yá a ni?" Nítorí Ìjẹ̀bú ò gba fọ́tò ìdajì. Gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀, etí méjèèjì, ọwọ́ méjèèjì, bàtà méjèèjì. Bí o bá ya ìyá arúgbó láti ẹ̀gbẹ́, tí etí kan ṣoṣo hàn, ìyá náà á bi ọ́ léèrè ibi tí o gbé etí kejì òun sí, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì bá a béèrè.

Aṣọ ńlá kan wà lára ògiri sítúdíò náà tí wọ́n ya òkun àti àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú sí. Ẹni tí kò rìn kọjá Ayépé rí á dúró síwájú rẹ̀, á di báàgì mú, kíá, ó ti di ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Bí Iléyá bá dé, tí Ojúde Ọba sì ku ọ̀la, ìdílé onímàle àti ìdílé onígbàgbọ́ á jọ fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà, agbádá á máa pa agbádá lára, kálukú á máa yẹ gèlè ẹnìkejì rẹ̀ wò. Mo rántí òórùn ibẹ̀ títí dòní, àtíkè, òógùn, àti kẹ́míkà kíkan tí wọ́n ń pè ní háípò, èyí tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò kó má bàa ṣá. Sànmánì dùn nígbà náà, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú "nàró" yẹn. Bó bá ti pàṣẹ tán, oníbàárà á le gbandi, á fẹ àyà, á séèmí, ojú rẹ̀ á wá rí bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Bàbá Nàró á fọwọ́ kan kámẹ́rà, á ní, "Ó tán! Mo ti yà á." Oníbàárà á mí kanlẹ̀, èjìká á wálẹ̀, ẹ̀rín á yọ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Nàró á wá tẹ kámẹ́rà. Gbà! Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni. Àwọn tó ti mọ ọgbọ́n yìí á tún wá, wọ́n á búra pé lọ́tẹ̀ yìí kò ní rí àwọn mú. Á rí wọn mú. Ara máa ń gbọ́ "ó tán" kí orí tó gbọ́.

Mọ́ṣádé ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, òun nìkan sì lobìnrin. Inú sítúdíò ló ti kọ́ ìrìn. Ẹ̀yìn aṣọ olókun yẹn ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ á yà á, á gbé fọ́tò náà kọ́ sínú gíláàsì iwájú sítúdíò, tó fi jẹ́ pé ojú gbogbo Fọlágbadé ni ọmọ náà ti ń dàgbà. Ohùn rẹ̀ dára, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ju kó jókòó síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi kó máa wò ó lókè ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Aṣọ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọdún tí Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí ẹni pé wọ́n ń fà á lókè, Rachel ní kí télọ̀ rán aṣọ kan fún un, etí aṣọ náà gùn lápá kan ju ìkejì lọ. Ó dá a padà. Wọ́n tún un ṣe, ó tún wọ́. Nígbà tí ìkẹta tún rí bẹ́ẹ̀, Rachel ká aṣọ sábẹ́ apá, ó di ìjà lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ kò rí i bó ṣe ń pariwo látojú títì! Fàtímọ̀ lorúkọ télọ̀ náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó jẹ́ kó bú òun tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó fà á jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Mọ́ṣádé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe aṣọ ló wọ́."

Rachel ká aṣọ náà padà sábẹ́ apá. Nígbà tó délé, ó ní kí ọmọ náà bọ́ bùláòsì kó kẹ̀yìn sóun, ó wá fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Ìka náà kò lọ tààrà. Ó yà sápá ọ̀tún, ó tún yà padà. Egungun ìhà ọ̀tún ti yọ gọ́ńgọ́ sẹ́yìn, èjìká apá yẹn sì ga ju ti òsì lọ.

Kí ni wọn ò sọ fún ọmọ yìí tán? Gbogbo ilé di "dúró dáadáa", bí ẹni pé oríkunkun ló ń ṣe. Wọ́n fi róòbù pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kó máa sùn lórí pákó, wọ́n ní kó gbé báàgì ìwé sápá kejì. Níléèwé, àwọn ẹlẹ́gàn ti ń pè é ní abuké. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i níwájú wọn, ó ń wá sínú yàrá sunkún.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin yẹn ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ ìbí Mọ́ṣádé tó tẹ̀ lé e, ó ká àkísà kan, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà níbi tí síkẹ́ẹ̀tì á ti bò ó, kí ìdí ẹ̀gbẹ́ yẹn lè gòkè. Ó ní kó rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀, kó fi ara tì síbí, kó yí díẹ̀ sọ́hùn-ún. "Nàró, ọmọ mi. Dúró bẹ́ẹ̀. Má mì o." Kò sọ "ó tán" fún un rárá. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì le gbandi. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, ó gbé nẹ́gátíìfù, fíìmù tí fọ́tò ti ń jáde, sójú iná, ó fi lẹ́ẹ̀dì tó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó tún ìlà èjìká ọmọ náà fà títí ó fi dọ́gba. Fọ́tò tó jáde, ọmọ inú rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọ̀pẹ. Ó gbé e kọ́ síwájú. Àwọn tó ń kọjá ń kí i, "Bàbá Nàró, ọmọ yín mà rẹwà o!" Ìfẹ́ ni, ẹ má bá mi jiyàn. Bàbá tí kò lè wo ọmọ rẹ̀ sàn, ó fẹ́ kí ibì kan wà tí ara ọmọ náà ti dá.

Mọ́ṣádé gba ẹ̀kọ́ náà ju bí bàbá rẹ̀ ṣe rò lọ. Láìpẹ́ kò nílò àkísà mọ́. Bó bá ti rí i pé ojú ń wo òun, gìgísẹ̀ òsì á gbéra nílẹ̀ fúnra rẹ̀, èjìká ọ̀tún á rẹlẹ̀. Ó di àṣà.

Nígbà tó di ọdún tí àwọn sójà ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń to ìlà, Mọ́ṣádé ò lè gun àtẹ̀gùn ibi ìkọrin láìdúró mí. Rachel ní ó yá, ilé ìwòsàn. Bàbá Nàró ń fà sẹ́yìn. Ó ní òun ti gbọ́ pé irin ni wọ́n ń fi há èèyàn lẹ́yìn, ó ní ọmọ náà kò kúkú burú tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo fọ́tò rẹ̀ níwájú sítúdíò.

"Theophilus!" ni Rachel wí. Ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. "Ẹ̀yìn ọmọ yìí kì í ṣe nẹ́gátíìfù o!"

Wọ́n lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nígbà náà lọ́nà Ìjàgun, tí dókítà eegun kan, Dókítà Adébóyè, máa ń ti Èkó wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Láti kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò," ló wí. "Eegun rẹ̀ ṣì tútù. Bí a bá fi ọ̀pá irin tì í báyìí, á gbọ́. Bó bá gbẹ tán, egungun ìhà á máa fún ẹ̀dọ̀fóró lọ́rùn, ẹ̀bẹ̀ la ó sì máa bẹ̀ ẹ́. Àyè wà fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó. Àmọ́ n kì í mú ọ̀bẹ láìrí inú. Ẹ lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ wá."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ, fọ́tò. Ẹ́síréè ló ní lọ́kàn, bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé Bàbá Nàró, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà ya fọ́tò.

Wàhábì ló ń ya ẹ́síréè níbẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń ṣàwàdà. Ó fún Mọ́ṣádé ní ẹ̀wù ilé ìwòsàn tó gùn dé kókósẹ̀, ó ní kó dúró kó fi àyà kan pákó. "Mí sínú. Má mí!" Gìgísẹ̀ òsì gbéra lábẹ́ ẹ̀wù. Èjìká ọ̀tún rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dún pá, ó parí.

Dókítà Adébóyè gbé fíìmù náà kọ́ sójú iná. Ó wo fíìmù, ó wo ọmọ, ó tún wo fíìmù.

"Ta lẹ yà?"

"Mọ́ṣádé ni, sà," Bàbá Nàró dáhùn.

"Ẹni tó wà níbí yìí ò wọ́ tó ẹni tó dúró síwájú mi. Bàbá, ara fíìmù ni mo ti ń wọn ibi tí irin á ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Bí fíìmù bá purọ́ fún mi, èmi náà á lọ purọ́ sínú ẹ̀yìn ọmọ yín. Ẹ tún un yà. Bí n kò bá rí òótọ́ mú lọ sí Èkó lónìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún láyè yẹn, ó sì lè tó ọdún kan kó tó tún kàn wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dúró dè wá."

Wàhábì tún un yà, kò dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, ó ká ẹ̀wù náà sókè dé orúnkún, ó ní kó fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Mọ́ṣádé fi tẹlẹ̀, ló bá fi orúnkún àti ìdí ṣe èyí tí gìgísẹ̀ ń ṣe. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Wàhábì.

"Ọmọdébìnrin yìí, ṣé o fẹ́ bá mi jà ni? Mo ní kí o dúró bí o ṣe máa ń dúró!"

Omijé lé ròrò lójú Mọ́ṣádé. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ń dúró mọ́."

Bàbá Nàró wà lẹ́yìn ògiri kékeré tí wọ́n ń sá pamọ́ sí fún ìtànṣán ẹ̀rọ náà, ibi tó ti ń wo ọmọ rẹ̀ láti ojú gíláàsì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dùn ún dé eegun. Àkísà yẹn wá sí i lọ́kàn, àti lẹ́ẹ̀dì, àti gbogbo "dúró bẹ́ẹ̀, má mì". Wàhábì wọlé wá bá a, ó ń nu ojú.

"Bàbá Nàró, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ìtànṣán yìí kì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń yá lásán, n kò lè máa dà á lé ọmọ yín lára ṣáá."

Òórùn kan ń ti yàrá kejì wá, níbi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Háípò ni. Òórùn sítúdíò rẹ̀ gan-an ni, ó ṣe bí ẹni pé èèyàn ló fọwọ́ kan Bàbá Nàró léjìká. Ó fa Wàhábì mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n Wàhábì," ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, "ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é. Nígbà tí mo bá sọ pé ó tán, ẹ jẹ́ kó mí, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Ó yọ ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Mọ́ṣádé! Nàró!"

Ọmọ náà le gbandi.

"Gbé àgbọ̀n sókè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa gan-an. Má mí o." Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. "Ó tán, ọmọ mi. Wọ́n ti yà á."

Mọ́ṣádé mí kanlẹ̀. Gbogbo ohun tó ń gbé látọjọ́ yìí jábọ́ lára rẹ̀. Èjìká ọ̀tún gòkè, ìdí yẹ̀, orí fì sápá kan, ọmọ náà sì dúró síbẹ̀ bó ṣe rí gan-an, tó rẹ̀ ẹ́. Wàhábì tẹ̀ ẹ́. Pá!

Ó yíjú padà. "Bàbá! Ẹ tàn mí!"

"Mo tàn ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Jọ̀ọ́, má bínú."

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ rọrùn. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ kó tẹ ara sọ́tùn-ún, kó tẹ̀ sósì, kí dókítà lè mọ ibi tó ṣì rọ̀ àti ibi tó ti ń le. Mọ́ṣádé kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́.

Wàhábì fa fíìmù náà yọ nínú omi, ó gbé e sókè, ó ń kán. Bàbá Nàró ti wo nẹ́gátíìfù láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ọ̀nà odò tó yà fún àpáta. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò àyà, níbi tó ń fi lẹ́ẹ̀dì sí. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Kí ló fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Ó bú sẹ́kún níwájú Wàhábì, ẹkún àgbàlagbà, tí kò lẹ́wà rárá. "Báyìí ni ọmọ mi ṣe ń gbé ara rẹ̀ kiri," ló ń wí, "báyìí ló ṣe ń gbé e kiri, mo sì ń sọ fún un pé kó nàró."

Dókítà gbé fíìmù náà sójú iná, ó mi orí. "Ọmọ yín lèyí." Ó fi sínú àpò ńlá, ó di Èkó.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n fi ọ̀pá irin tì í, wọ́n fi pí-ó-pí, ẹfun tó máa ń gan bí sìmẹ́ńtì, yí i lára láti abíyá dé ìdí, ó sì gbé e fún ọ̀pọ̀ oṣù, ooru, ara yíyún, gbogbo rẹ̀. Rachel ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láti ibi ọrùn. Bàbá Nàró yọ fọ́tò Mọ́ṣádé kúrò nínú gíláàsì iwájú, àwọn èèyàn béèrè, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ. Àyè rẹ̀ wà lófìfo níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ọmọ náà ti kú, Rachel bú wọn dáadáa.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n gé pí-ó-pí náà, nígbà tí ọyẹ́ ti dé tí àwọn ará Èkó ti ń wọlé wá ṣọdún. Mọ́ṣádé wá sí sítúdíò lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú aṣọ tí Fàtímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, etí rẹ̀ dọ́gba yípo. "Bàbá, mo wá ya fọ́tò," ló wí, bí oníbàárà gidi. Bàbá rẹ̀ kò mú kámẹ́rà kékeré. Ó fa ti àtijọ́ jáde, èyí onígi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti aṣọ dúdú, èyí tí orí èèyàn máa ń wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ á wà lókè nínú gíláàsì rẹ̀. Kò tẹ́ àkísà kankan. Kò sọ pé kó nàró. Ó kó orí sábẹ́ aṣọ dúdú, ó rí ọmọ rẹ̀ ní ìdoríkodò níwájú òkun tí wọ́n kùn, èjìká kan ṣì ga ju ìkejì lọ ní ìwọ̀n tí télọ̀ nìkan lè mọ̀.

Ẹ̀rù ń bà á. Ó di rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ mú, kò tẹ̀ ẹ́.

"Ó tán," ló wí lábẹ́ aṣọ. "Mo ti yà á."

Mọ́ṣádé mí. Bàbá Nàró ń dúró kí èjìká yẹn gòkè, kí ìdí yẹ̀, kí ohun gbogbo jábọ́ bí ó ti jábọ́ lọ́nà Ìjàgun. Kò sí ohun tó jábọ́. Ọmọ náà kàn dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wà bó ṣe wà. Bàbá Nàró tún dúró. Omi ti dí i lójú, gíláàsì ti ṣú, síbẹ̀ kò yọ orí.

"Bàbá," Mọ́ṣádé pè é láti iwájú, "ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ dáhùn lábẹ́ aṣọ. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ọ́."